Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Òkè Lórúkọ

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ńlá ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò sọ ọmọ lórúkọ ní láti mọ ìdílé tí a bí i sí. Ó ní láti mọ bí ayé ti rí nígbà tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀, ẹni tí ó kú ṣáájú ìbí rẹ̀, àti ohun tí ojú àwọn òbí rẹ̀ ti rí. Bí àlejò kan bá ti ọ̀nà dé lójijì, tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, tí ó sì pe ọmọ náà ní orúkọ tí ó wu òun, àwọn ará ilé lè rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí ìwà pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì yóò jẹ́ kí orúkọ náà mọ́ ọmọ lórí.

Ìwọ òǹkàwé mi, mo fẹ́ kí a mú òwe yìí dání, kí a fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀, kí a sì rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ Wales, ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Bìrìtéènì. Ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò níbẹ̀ kì í ṣe ti orúkọ ọmọ, bí kò ṣe ti orúkọ òkè. Kì í sì í ṣe ti òkè ńláńlá tí gbogbo ayé mọ̀ nìkan, bí kò ṣe ti àwọn òkè kéékèèké tí àgùntàn ń jẹ̀ lórí wọn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láì gbójú sókè.

Ilẹ̀ Wales kò tóbi. Ìwọ̀n rẹ̀ kò pé 21,000 kìlómítà níbùú àti lóòró, iye ènìyàn tí a sì kà níbẹ̀ ní ọdún 2021 lé díẹ̀ ní 3,000,000. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ náà ti kéré tó, òkè ni ó kún un láti àríwá dé gúúsù. Àwọn ará ibẹ̀ ní èdè tiwọn, èyí tí a ń pè ní èdè Welsh. Kì í ṣe ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìyá tí ó bí i ti wà lẹ́nu àwọn ará erékùṣù náà kí àwọn baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 1911, ètò ìkànìyàn fi hàn pé àwọn tí ń sọ èdè náà ní Wales jẹ́ 977,366. Ní ọdún 2021, wọ́n ti dín kù dé nǹkan bí 538,300; èyí ni pé nínú ènìyàn 100, wọn kò pé 18.

Fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa wà. Orúkọ òkè kékeré kì í sábà wà nínú ìwé. Ẹnu àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùṣọ́ àgùntàn ni ó ń gbé. Nígbà tí àgbà kan bá kú láì fi orúkọ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tí ọmọ náà kò bá gbọ́ èdè baba rẹ̀ mọ́, òkè náà yóò wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ yóò bá olóògbé wọ ilẹ̀ lọ.

Báwo ni àwọn ará Wales ṣe ń sọ òkè wọn lórúkọ? Wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ènìyàn. Àwa náà ń sọ pé orí òkè, ẹ̀gbẹ́ òkè àti ẹsẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n tiwọn tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Pen” ni orí, “talcen” ni iwájú orí, “trwyn” ni imú, “braich” ni apá, “cefn” ni ẹ̀yìn, “esgair” sì ni ojúgun. Gbogbo wọn ni a ń bá nínú orúkọ òkè. Òkè tí igi kò hù lórí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní “moel”, èyí tí ó túmọ̀ sí apárí. “Bryn” ni òkè kékeré, “mynydd” ni òkè ńlá, “craig” ni àpáta, “carnedd” sì ni òkìtì òkúta. Bí a bá wá fi àwọ̀ kún un, bí i “coch” tí í ṣe pupa, “du” tí í ṣe dúdú, tàbí “gwyn” tí í ṣe funfun, ọmọ ilẹ̀ náà tí kò dé orí òkè bẹ́ẹ̀ rí yóò ti mọ bí yóò ṣe rí kí ó tó fi ojú kàn án. Orúkọ ni ó ń ṣe amọ̀nà rẹ̀.

Àwọn orúkọ mìíràn ń pa ìtàn mọ́. Òkè tí ó ga jù lọ ní Wales ga tó mítà 1,085. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Snowdon, èyí tí ó túmọ̀ sí òkè yìnyín. Àwọn onílẹ̀ ń pè é ní Yr Wyddfa, èyí tí ó túmọ̀ sí òkìtì ibojì. Ìtàn wọn sọ pé òmìrán kan tí ń jẹ́ Rhita ni a sin síbẹ̀, ẹni tí ó máa ń fi irùngbọ̀n àwọn ọba tí ó bá ṣẹ́gun rán ẹ̀wù ìlékè, títí tí ó fi pàdé ọba Arthur tí ó pa á. Bí o bá wí pé Snowdon, ojú ọjọ́ ni o sọ. Bí o bá wí pé Yr Wyddfa, o ti jí òmìrán náà àti àwọn ọba tí ó fá ní irùngbọ̀n.

Ní ọdún 1791, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù pé àwọn Faransé lè gbógun wọ ilẹ̀ wọn, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ náà fún ìlò àwọn ológun. Orúkọ rẹ̀ ni Ordnance Survey, ó sì wà títí di òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ rẹ̀ dé Wales pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n àti awò wọn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a kò sì gbọdọ̀ kẹ́gàn wọn, nítorí pé wọ́n gun òkè nínú òjò àti kùrukùru kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn wọn má bàa ṣìnà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa wí pé àjòjì lójú, kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè Welsh. Bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ sí létí ni wọ́n ń kọ ọ́. Ìlànà iṣẹ́ wọn tí ó wá lẹ́yìn tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ onílẹ̀ ńlá àti ti àlùfáà sí ju ti àgbẹ̀ kékeré lọ, bẹ́ẹ̀ ni onílẹ̀ ńlá lè máa gbé ìlú ńlá, kí ó má sì fi ẹsẹ̀ tẹ orí òkè náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni àgbẹ̀ ń gùn ún.

Èdè Welsh kò sì rọrùn fún àlejò láti fi etí lásán kọ. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ a máa yí padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ bá ti rí. “Moel” yóò di “Foel”, “craig” yóò di “graig”, “coch” yóò di “goch”. Ẹni tí kò bá mọ òfin yìí lè rò pé òkè méjì ni Moel àti Foel, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Má ṣe yà á lẹ́nu, ìwọ òǹkàwé. Bí àjèjì kan bá dé ọ̀dọ̀ wa, tí ó kọ igbá, igba, ìgbà àti ìgbá bákan náà láì fi àmì ohùn sí i, ǹjẹ́ a ó mọ èyí tí ó ń wí?

Ìpalára kejì ti inú ilé ẹ̀kọ́ wá. Ní ọdún 1847, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ìjọba rán láti yẹ ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Wales wò mú ìròyìn wọn jáde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbọ́ èdè ibẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dá èdè náà lẹ́bi pé òun ni ó ń fa àwọn ènìyàn náà sẹ́yìn. Ní ọ̀rúndún yẹn, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, bí ọmọ kan bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọn a fi pákó kékeré kan kọ́ ọ lọ́rùn. Bí òun náà bá gbọ́ tí ẹlòmíràn ń sọ ọ́, yóò gbé pákó náà fún un. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ parí ni yóò jẹ ẹgba. Bí a bá ti kọ́ ọmọ pé ohun ìtìjú ni èdè rẹ̀, báwo ni yóò ṣe dúró níwájú àlejò tí ó mú ìwé àti kálàmù lọ́wọ́, kí ó sì wí fún un láì bẹ̀rù pé, “Alàgbà, ẹ ti ṣì í kọ, báyìí ni a ṣe ń pe òkè wa”?

Nígbà tí ìmọ̀ bá sọnù tán, a máa ń rí ohun ẹ̀rín. Ní àgbègbè Lancashire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, òkè kan wà tí a ń pè ní Pendle Hill. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀, tí èdè wọn bá ti àwọn ará Wales tan, pè é ní “pen”, èyí tí í ṣe òkè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọn kò mọ ohun tí “pen” túmọ̀ sí, wọ́n sì fi “hyll” kún un, èyí tí í ṣe òkè ní èdè wọn àtijọ́. Nígbà tí ó pẹ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì wọ ara wọn, àwọn ọmọ wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì tún fi “Hill” sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe Pendle Hill lónìí, ohun tí ó ń wí ni “Òkè Òkè Òkè”. Èyí ni ère ẹni tí kò béèrè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ẹ̀rín ní gbogbo ìgbà. Láàárín àwọn òkè àríwá Wales, kòtò ńlá kan wà tí àwọn tí ń gun àpáta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn púpọ̀. Wọn kò rí orúkọ fún un, wọ́n sì ń pè é ní “Nameless Cwm”, èyí ni “Kòtò Aláìlórúkọ”. Bẹ́ẹ̀ ni ó ní orúkọ láti ìgbà pípẹ́! Cwm Cneifion ni àwọn olùṣọ́ àgùntàn ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí kòtò irun àgùntàn tí a rẹ́. Gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáradára, ìwọ òǹkàwé mi. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ṣe làálàá, tí wọ́n ti fi òógùn ojú wọn bọ́ ọmọ wọn, ni àlejò dúró lé lórí tí ó ní kò lórúkọ. Kì í ṣe pé ó purọ́. Ó kàn rò pé ohun tí òun kò mọ̀ kò sí ni.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a wá sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe àkójọ orúkọ òkè. Ní ọdún 1891, Hugh Munro tẹ àkójọ àwọn òkè ilẹ̀ Scotland tí ó ga ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ jáde, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bìrìtéènì ti fẹ́ràn láti máa gun gbogbo òkè tí ó wà nínú àkójọ kan tán. Nígbà tí ó yá, wọ́n yíjú sí àwọn òkè tí kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992, Alan Dawson mú ìwé kan jáde nínú èyí tí kò fi gíga lásán ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí ó béèrè ni pé kí òkè náà dá dúró: kí ilẹ̀ yí i ká, kí ó sì rẹlẹ̀ tó mítà 150, débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ ti orí rẹ̀ lọ sí orí èyí tí ó ga jù ú lọ yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1995, Michael Dewey kó àwọn òkè Wales àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ga tó mítà 500 ṣùgbọ́n tí kò dé 2,000 ẹsẹ̀ bàtà jọ. Mítà 30 ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n ìdádúró tiwọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn àkójọ tí ó ní orúkọ Welsh jáde: Y Pedwarau fún àwọn òkè tí ó wà láàárín mítà 400 sí 500, àti Y Trichant fún àwọn tí ó wà láàárín 300 sí 400.

Àwọn olùwọ̀n wọ̀nyí kì í fi iṣẹ́ wọn ṣeré. Ní ọdún 2008, àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé ẹ̀rọ tí ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì gun òkè kan ní àríwá Wales tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mynydd Graig Goch, èyí ni òkè àpáta pupa. Àwòrán ilẹ̀ sọ pé mítà 609 ni gíga rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ó pé 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tí ọ̀pọ̀ ń lò láti ya òkè ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára òkè kékeré. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, mítà 609.75 ni wọ́n bá. Íǹṣì 6 péré ni ó fi ju ààlà náà lọ! Ilé iṣẹ́ Ordnance Survey yẹ iṣẹ́ wọn wò, ó sì gbà pé òtítọ́ ni. Wo bí wọ́n ti ṣe ìtọ́jú tó, kí òkè kan má bàa pàdánù íǹṣì 6 tí ó tọ́ sí i.

Ìbéèrè tí ó wá dìde ni èyí: bí a bá lè ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nítorí gíga òkè, ǹjẹ́ kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí orúkọ rẹ̀? Bí àwọn àkójọ ti ń sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òkè kéékèèké, ni wọ́n ń bá ọ̀pọ̀ pàdé tí àwòrán ilẹ̀ kò kọ orúkọ sí lórí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe àkójọ. Ó lè yá orúkọ igbó tàbí ti oko tí ó wà nítòsí, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè náà. Ó lè dá orúkọ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó pè é ní orí òkè ti ìlà-oòrùn tàbí ti àríwá. Tàbí kí ó dúró, kí ó wádìí, kí ó sì lo orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń lò ní èdè wọn. Ọ̀nà méjì ìṣáájú yá. A lè parí wọn lórí tábìlì nílé. Ọ̀nà kẹta ń gba àkókò, ó sì ń béèrè ìrẹ̀lẹ̀.

Àwọn tí ó yan ọ̀nà kẹta rí ìrànlọ́wọ́. Ní ọdún 1836, a ṣe òfin kan tí ó sọ ìdámẹ́wàá irè oko, tí àwọn àgbẹ̀ ń san fún ṣọ́ọ̀ṣì, di owó. Nítorí òfin yìí, a ya àwòrán àwọn àgbègbè, a sì kọ orúkọ oko lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ẹni tí ń dá a. Àwọn tí ó kọ wọ́n kò ro òkè rárá. Owó ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé wọn ni ọ̀pọ̀ orúkọ ilẹ̀ Wales sá pamọ́ sí, a sì lè kà wọ́n lónìí ní Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ilẹ̀ náà ní Aberystwyth. Ní ọdún 1957, Elwyn Davies ṣe olóòtú ìwé tí ó fi ọ̀nà tí ó tọ́ láti kọ orúkọ àwọn ibi ní Wales hàn. Ní ọdún 2016, a ṣe òfin tí ó pàṣẹ pé kí a máa pa àkójọ àwọn orúkọ ibi àtijọ́ mọ́, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú orúkọ tí ó ju 300,000 lọ.

Síbẹ̀, ìwé kò tó. Ẹni tí ń wá orúkọ òkè kékeré gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀, kí ó kí i, kí ó sì bi í léèrè pé kí ni bàbá rẹ̀ ń pe òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé yìí. Nígbà mìíràn, ìdílé méjì yóò pe òkè kan náà ní orúkọ méjì, nítorí pé ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù ti ń wò ó. Nígbà náà ni olùwádìí yóò kọ méjèèjì sílẹ̀, yóò sì sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni olóòótọ́ ènìyàn ń ṣe.

Àwọn kan ń ṣe àtakò. Wọ́n ní àwọn orúkọ náà ṣòro láti pè fún àlejò. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òkè náà pẹ̀lú ṣòro láti gùn, àlejò kò sì torí rẹ̀ ní kí a gé e kúrú. Àwọn mìíràn ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ti pẹ́. Èyí pẹ̀lú jẹ́ òtítọ́, a kò sì gbọdọ̀ sẹ́ ẹ: a ti rí Snowdon nínú àkọsílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1095. Ní gúúsù Pembrokeshire àti ní Gower, àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé ibẹ̀ láti ayé àtijọ́, ó sì ṣeé ṣe kí òkè kan níbẹ̀ má ní orúkọ mìíràn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí ẹnìkan bá jókòó, tí ó dá orúkọ Welsh sílẹ̀ fún irú òkè bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́ èdè rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà tí àwọn àlejò ṣẹ̀ ni òun náà ṣẹ̀. Kì í ṣe pé kí èdè kan borí èkejì ni a ń wá, bí kò ṣe pé kí a gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ọ̀ràn kan wà tí ó mú ọkàn rọ̀. Ní ọdún 1282, a bí ọmọbìnrin kan fún Llywelyn, ọmọ aládé Wales. Gwenllian ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà ìbí rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pa bàbá rẹ̀. Ọba Gẹ̀ẹ́sì mú ọmọ ọwọ́ náà lọ sí ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn ní Sempringham, níbi tí a pa á mọ́ sí títí tí ó fi kú ní ọdún 1337, ní ẹni ọdún 54. Kò padà sílé mọ́ láéláé. Àwọn tí ó yí i ká kò mọ orúkọ rẹ̀ pè, wọn kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Ní ọdún 2009, lẹ́yìn tí àwọn tí ó fẹ́ràn ìrántí rẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ pẹ́, a fi orúkọ rẹ̀ sọ orí òkè kan ní àríwá Wales, tí ó wà ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú Carnedd Llywelyn. Carnedd Gwenllian ni a ń pè é. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí inú rẹ̀ kò ní dùn? Ṣùgbọ́n òkè náà ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀: Garnedd Uchaf, èyí ni òkìtì òkúta tí ó wà lókè jù. Ẹni tí ó bá ń bu ọlá fún ọmọ aládé náà gbọ́dọ̀ rántí pé àwọn olùṣọ́ àgùntàn pẹ̀lú ti sọ ọ̀rọ̀ tiwọn níbẹ̀. Bí a bá gba orúkọ kan wọlé, kí a má ṣe lé èkejì jáde sínú òjò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, lẹ́yìn tí ó ju 5,000 ènìyàn lọ ti fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn aláṣẹ tí ń tọ́jú ilẹ̀ àwọn òkè àríwá pinnu pé Yr Wyddfa ni àwọn yóò máa pe òkè tí ó ga jù lọ náà, àti pé Eryri ni àwọn yóò máa pe gbogbo àgbègbè náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn aláṣẹ àwọn òkè gúúsù pẹ̀lú kéde orúkọ Bannau Brycheiniog. Inú ọ̀pọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí òkè kékeré tí ó wà lẹ́yìn oko àgbẹ̀ kan? Àwọn ńlá ní alágbàwí. Àwọn kékeré kò ní ju ẹni tí ó bá dúró béèrè lọ. Nítorí èyí ni iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe àkójọ wọn fi ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ti rò lọ: ohun tí wọ́n bá kọ lónìí ni àwọn ọmọ tí a ó bí lọ́la yóò máa pè.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Wales nìkan ni èyí, ìwọ òǹkàwé mi. Àwa tí Potogí sọ Èkó wa di Lagos mọ ohun tí à ń wí. Wo orúkọ Abẹ́òkúta. Bí a bá pa á dà lónìí, ọmọ tí a bá bí lọ́la kò ní mọ̀ mọ́ pé abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá ti rí ààbò ní ìgbà ogun. Àwọn ìlú ńlá wa kò ní sọnù, ṣùgbọ́n odò kékeré tí ó ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ rẹ ń kọ́? Òkè tí ẹ máa ń rí lójú ọ̀nà oko bàbá bàbá rẹ ń kọ́? Ǹjẹ́ o mọ orúkọ wọn?

Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, má ṣe wí pé wọn kò lórúkọ, kí o sì má ṣe dá orúkọ sọ wọ́n láti inú ìwé ilẹ̀ òkèèrè tí o ń kà. Lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà tí ó dàgbà jù lọ ní agbo ilé yín, kí o dọ̀bálẹ̀ tàbí kí o kúnlẹ̀, kí o sì béèrè. Kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Kọ orúkọ àgbà náà sí i, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá pè é ní orúkọ mìíràn, kọ èyí náà. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó béèrè orúkọ kì í ṣi orúkọ pè. Má sì ṣe jẹ́ kí ọjọ́ pẹ́ kí o tó lọ, nítorí pé òkè yóò dúró dè ọ́, ṣùgbọ́n àgbà kò lè dúró títí láé.